Ẹni Tí Yóò Gba Yàrá Aláriwo

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ara yín le ju tèmi lọ, nítorí ara tèmi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń tọrọ mọ́. Alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má ṣe lọ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni lọ aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra, ọwọ́ mi ò yá tó ẹnu yín."

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́yìn tí mo ṣubú ní balùwẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ẹni tó lè sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa dá gbé. O ní bí n kò bá rí ẹni gba yàrá kejì kí oṣù yìí tó parí, o ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ, wàá sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Lórí fóònù, ariwo la pa. Mo pè ọ́ ní ọmọ tó fẹ́ sin bàbá rẹ̀ láàyè. Má bínú. Ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà ni pé ilẹ̀kùn yìí nìkan ni Aláriwo, àbúrò rẹ, mọ̀. Bó bá dé, tó kanlẹ̀kùn, tí àjèjì yọjú sí i, ibo ni kó gbà? Yàrá tí mo ń pa mọ́ dè é náà ni mo ní láti fún ẹlòmíràn, kí ilẹ̀kùn tó lè kù fún un.

O mọ̀ pé n kò kàwé. N kò lè bi ènìyàn ní ìbéèrè bíi ti àwọn ará ọ́fíìsì, pé ta ni ọ̀gá rẹ, ta ni yóò ṣe onídùúró fún ọ. Ohun tí bàbá mi fi ń yan irúgbìn ni mo fi ń yan ènìyàn. Bí a bá fẹ́ gbin àgbàdo, yóò da irúgbìn sínú ọpọ́n omi. Èyí tó bá léfòó, ó ní ti adìẹ ni. Èyí tó bá rì, ó ní ti ilẹ̀ ni. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé, màá fún un lómi, màá jókòó tì í nínú yàrá náà, màá sì dákẹ́. Ẹni tí kò lè bá arúgbó dákẹ́ kò lè bá arúgbó gbé.

Gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ wá ló léfòó. Awakọ̀ kan kò tíì gbé omi mì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ onílé rẹ̀ àtijọ́: ahun ni, ìyàwó rẹ̀ kì í kí ènìyàn, adìẹ wọn ń sùn sórí mọ́tò òun. Mo ní, "Ọmọ mi, lọ́la tèmi lò ń bọ̀ wá sọ. Máa lọ." Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ń fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń ra tòmátì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé? Tí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́, ṣé èmi kọ́ ni wọ́n máa mú?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, bí mo bá fẹ́ kú, màá kọ́kọ́ jáde síta.

Opó kan náà wá, tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwé. Òun dákẹ́ dáadáa, inú mi ti ń dùn, àfi bó ṣe bú sẹ́kún. Mo sọ fún un pé ariwo ni ẹkún náà. Ó ní, "Bàbá, ṣé òkúta ni yín ni?" Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ilé yìí kò gba omijé ẹni méjì. Alágbàfọ̀ ní kí n yọ èyí kúrò nínú lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán ni mo wá rò ó. Bó bá jẹ́ àbúrò rẹ ló wá gba yàrá lọ́dọ̀ mi, yóò léfòó ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó ti ń súfèé láti ìkòríta kí a tó rí i, tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ lórí iná, tó ń bá mi jà bí mo bá sùn kó tó parí ìtàn rẹ̀. Ọpọ́n omi bàbá mi ì bá dà á nù fún adìẹ. Láti ìgbà tó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá iṣẹ́, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ irúgbìn yẹn kò rọrùn lẹ́nu mi. Nígbà tí mo ń sọ ọ́ kí a kọ ọ́ sókè yẹn, mo dé ibi èyí tó bá rì, mo dákẹ́. Alágbàfọ̀ rò pé oorun ń kùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni aránbàtà kan dé, ọkùnrin tó ti ń hewú, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún pólíìṣì. Ó mu omi, ó gbé ife sílẹ̀ láìjẹ́ kó dún. A dákẹ́. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sára ògiri, a ṣì dákẹ́. Mo wá rí i pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wò. Ó ní, "Bàbá, bàtà yẹn, wọ́n ń kùn ún, wọn kì í wọ̀ ọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ẹni tó ni ín ń bọ̀?"

Ọmọ mi, nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò múra sílẹ̀ fún. Mo la ẹnu kí n ní ó ń bọ̀, bí mo ti ń sọ fún ìwọ, fún onílé, fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Ohun tó jáde ni, "Kò ní bọ̀ mọ́." Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ọkùnrin náà kò ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Ó kàn ní, "Tó bá dé, ọjọ́ náà ni màá kẹ́rù. Tí mi ò bá sí nílé, ẹ bá mi gbé ẹrù náà síta." Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, má wá kó mi mọ́. Ilé kò bọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi di ilé náà mú, ẹnu ara mi ni mo fi bà á jẹ́, n kò sì mọ ohun tí mò ń ṣọ́ níbí mọ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, màá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ní yàrá yẹn, ọkàn mi á fò sókè, á sì padà jókòó. Ọkùnrin náà kì í dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ẹ́ ló ń wọlé, jẹ́ẹ́ ló ń jáde, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yàn án. Ọmọ mi, ì bá dára bó bá lè súfèé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pa yàrá ọmọ mọ́ láé. Kí àwọn ọmọ rẹ máa pariwo nílé rẹ títí ìwọ náà yóò fi hewú. Bí wọ́n bá ń dí ọ létí, rántí mi, má lé wọn síta.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, olóríkunkun tí o mọ̀.

Mo gbàgbé èyí: bàtà Aláriwo ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí aránbàtà gbé e jáde fún mi, kó lè rí àyè. Ó ní kí n fi í síbẹ̀, òun ń gbálẹ̀ yí i ká. Lánàá tí mo yọjú, mo rí i pé ó ti fi okùn tuntun sí i.