Agbọ̀n Tó Ṣáájú Mi Délé

                                        Yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná,
                                        Ilé ẹ̀gbọ́n mi,
                                        Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi àwọn ìbejì sílẹ̀? O kú ìdúró o. Mo mọ̀ pé ìwọ àti màdámù aránṣọ dúró dè mí títí tí ọkọ̀ àárọ̀ fi já gbogbo èrò rẹ̀ tán, tí ẹ ò rí mi níbẹ̀. Inú á máa bí ọ, àmọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

O mọ̀ pé àárọ̀ Sátidé nìkan ni mo ń rí ẹsẹ̀ gbé jáde nílé yìí. Ìgbà tí ìyàwó wa bímọ ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ìgbà díẹ̀ ò tíì parí. Àpò ìrẹsì ni wọ́n ń kó lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lórí.

Bí a ṣe jọ gbèrò pé kí n sá wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ màdámù náà ni mo ṣe é. Mo ká aṣọ mẹ́ta sísàlẹ̀ agbọ̀n, mo kó sísọ́ọ̀sì àti téèpù mi lé e, mo fi ìnura bò ó. Títì kan péré ló la ọjà àwọn àgbẹ̀ àti ibùdókọ̀ láàárín. Mo fẹ́ gba àárín ọjà kọjá ni, kí ẹni tó bá rí mi lè rò pé tòmátì ni mo wá rà.

Ìyá Ẹlẹ́yin ló kọ́kọ́ rí mi. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti bọ́ épírọ́ọ̀nù wọn kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wojú ọjà, mò ń bọ̀ kíá." Mo fẹ́ sọ pé mò ń kánjú. "Kò séwu, mà" ló jáde lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kì í tilẹ̀ bọ́.

Bí mo ṣe há sáàárín tábìlì méjì nìyẹn, ẹyin níwájú, ẹyin lẹ́yìn, mi ò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Kíá ìyá di ìdúró pípẹ́. Mò ń gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Mo bẹ Bàbá Olóyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí wọ́n gba ipò mi. Wọ́n ní, "Bí oyin bá dànù, èèrà á lá a. Bí ẹyin bá fọ́, ta lo fẹ́ kó lá a?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni ìyàwó wa bá mi. Ó gbàgbé láti sọ fún mi pé iyọ̀ tán nílé, ló bá wá fúnra rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ ti di ẹlẹ́yin ni?" Ló bá tajú kán rí agbọ̀n lábẹ́ tábìlì. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e lọ sílé, kọ́wọ́ yín lè fúyẹ́." Mo ní ó ṣeun. Agbọ̀n lọ, ọkọ̀ náà lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ìyá Ẹlẹ́yin tó dé, wọ́n fi ẹyin méjì dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé, aṣọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí okùn, ó ti fọ̀ wọ́n, omi ń kán lára wọn. Lẹbẹ ẹja ló ń fi sísọ́ọ̀sì mi gé. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń ṣe wàhálà ọjà. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la ó jọ máa lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó òun mà láájò o.

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti sú mi. Ẹni tó bá ń nà mí, mo lè sá fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sá fún ẹni tó ń bá mi fọṣọ?

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì. Bẹ màdámù kó má tíì fi àga mi fún ẹlòmíì. Sátidé tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀ àárọ̀, kí o wá dúró nídìí tábìlì Ìyá Ẹlẹ́yin. Wàá rí èmi àti ìyàwó wa. Má fara pamọ́, má ṣẹ́jú sí mi. Ké pè mí lójú gbogbo ọjà, kí o ní kí n wá bá ọ gbé ẹrù wọnú ọkọ̀ tí a ó jọ bá lọ.

O mọ̀ pé mi ò ní lè sọ pé rárá.

                                        Èmi ni, tìrẹ náà ni,
                                        Abẹ́rẹ́.