Oyin Àgbájà

                                        Ilé Ìtajà Etí Odò,
                                        Lọ́kọ́jà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1888.

Súbérù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Òkun o. Mo kí ọ lọ́nà ti àwa ará Ọ̀wọ́rọ̀, kí Èkó má baà mú ọ gbàgbé wa. Kàrímọ́tù aya rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ó ti ń rìn? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi ọ́ sílẹ̀? Comfort ìyàwó mi wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Bùràímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú. Mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ báyìí. Ó yẹ kí n ní ara rẹ̀ ni kò yá, kí o máa bọ̀, kí àwọn àgbà wá pàdé rẹ létí odò. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ló dá ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí sílẹ̀, ó sì ti sú mi.

Kánún ló lọ rà lókè odò. Òjò pa á nínú ọkọ̀, nígbà tó fi délé, òtútù ti mú un láyà. Ìyá yín fún un lágbo títí, kò gbọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ ńlá wọn. Sùrájù tí a jọ kàwé ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Dókítà gbé etí lé àyà Bùràímọ̀, ó mi orí, ó ní òun ti gífọ́ọ̀pù.

Ìwọ lo kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lábẹ́ igi òdán. O ní bí òyìnbó bá pa tábà tì, tí kò mu ún mọ́, ó gífọ́ọ̀pù. Bí a bá pa àlọ́ fún un tí kò mọ̀ ọ́n, ó gífọ́ọ̀pù. Bí olè bá fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni. Sùrájù fi ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà. Bí iyán bá kù nínú àwo, á ní òun ti gífọ́ọ̀pù. Nítorí náà ó mọ ohun tí dókítà wí: kò sí oògùn mọ́, kí ìyá jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ? Sùrájù ní dókítà ní ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sọ òótọ́ rẹ̀ fún èmi pàápàá, tí mo dúró dè wọ́n létí odò. Ìyá yín dúpẹ́, ó ní bó bá ti di ọwọ́ Ọlọ́run, ọmọ òun ti yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bùràímọ̀ ní ẹnu òun korò, oyin orí òkè Àgbájà ló ń wu òun. Ìyá ò rán ẹnikẹ́ni. Ó gbé kèrègbè, ó gun òkè lọ, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí o mọ̀ yẹn.

Bùràímọ̀ kú kí ó tó dé. Títí ó fi kú ló ń bèèrè ìyá rẹ̀ ṣáá. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n sin ín. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá wọlé, ó bá àwọn ènìyàn lórí ẹní. Kèrègbè ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí èèrà wọ̀ ọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, Súbérù, mi ò tijú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó pe Sùrájù, ó bi í ní ohun tí dókítà wí gan-an. Sùrájù dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́. Ìyá ò ṣépè. Ó ní, "Sùrájù, ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá jókòó." Sùrájù ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Àràárọ̀ ló ń pọnmi wá fún ìyá, ìyá sì ń jẹ́ kó pọn ọ́n. Má bínú sí i jù. Àánú ló ṣe é.

Yàkúbù atukọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Jọ̀wọ́, fún un lóúnjẹ. Bá mi kí aya rẹ, kí o sì gbé ọmọ náà mọ́ra fún mi.

Ìyá ní kí o wá. Mo mọ ohun tí ọkàn rẹ yóò máa sọ, pé bí wọ́n bá ti ní kí ènìyàn wá wo ìyá rẹ̀, ìyá ti lọ nìyẹn. Rárá o. Ìyá yín wà láàyè. Ó ti rù, kò sì jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń rìn dé etí odò bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, bóyá ìwọ ni. Oyin náà wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò. Ó ní tìrẹ ni, kí o wá lá a níṣojú òun.

Èmi ni tìrẹ nínú ọ̀fọ̀ yìí,
Joseph Ìdòwú.