Eré Ayò Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé sílé ní Ìkòròdú láti ilé Bàbá ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Bàbá fi kọ eré ayò fún mi ní kékeré ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti jí i, háàdì dísìkì rẹ̀ ò dá mi lóhùn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Lasunwọn níbí.

Kamọ́rù, ọkọ àbúrò mi, ló rí sọ́fítíwíà kan tó ń ka irú dísìkì bẹ́ẹ̀. Ó da ohun inú rẹ̀ kọ sórí káàdì kékeré kan, ó ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà, ayò sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ọn. Sọ́fítíwíà lásán. Ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ rí i ni...

Bàbá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Wá wo ohun tí Kamọ́rù ṣe."

"Ó dáa, Bàbá." Mo ní mo fẹ́ tètè wọkọ̀. Mi ò jẹun.

Bí mo ṣe sọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú ni fóònù dún. Nọ́ńbà Kamọ́rù ni, díẹ̀ ló kù kí n má gbé e. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́.

"Kamọ́rù ò mọ ayò ta. Ìgbà wo lo máa wá bá mi ta á?"

"Lọ́la, Bàbá."

Inú mi dùn, mo dá rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Àmọ́ Bàbá ò tíì pa fóònù tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá jẹun."

Kamọ́rù ni wọ́n ń pè, èmi kọ́.