Láptọ́ọ̀pù Tí Màámi Fi Sílẹ̀

Bọ̀dá Rótìmí mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàámi ti ń wálẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí Màámi fi sílẹ̀ ń falẹ̀ jù. Atúnṣe kan n'Íkẹjà ní ohùn ló kún un, àwọn tí Màámi máa ń gbà sílẹ̀ láràárọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí yín; ó ní kí n pa á rẹ́. Mo tẹ ọ̀kan, mo wọ kíṣìnnì, mo gbọ́ tí Màámi ń fi oríkì yín kí yín:

"Àkànní, ṣé dáadáa lo jí?" Wọ́n dákẹ́. "Morẹ́nikẹ́, wá wò ó bóyá ohùn yìí ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo ti jẹ́ "Mà" kí n tó rántí pé a ti sin wọ́n.

Àràárọ̀ ni mo máa ń ní ó ti lọ. Mi ò wò ó rí. Ìgbà tí mo wò ó lónìí, kò sí èyí tó lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí. Mo fi ọ̀kan nínú ohùn náà ránṣẹ́ sí yín báyìí. A kì í dá òkú lóhùn, àmọ́ tí Màámi bá kí yín tán tí wọ́n dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn.

Àbúrò yín,
Morẹ́nikẹ́