Kọ̀ǹpútà Bàbá Wa Tí Wọ́n Pín sí Ọ̀nà Méjì

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
                                                  Ọ̀yọ́.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 1988.

Timothy, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ara yín le? Deborah ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá sọ́dọ̀ wa, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn dáadáa? Ẹ kú ọyẹ́ tó ń kó bọ̀ yìí o. Mo tún fẹ́ béèrè iṣu oko yín ní Ìrẹsà. Láti èṣí ni o ti ṣèlérí pé tèmi ń bọ̀ lọ́nà, bóyá ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn bọ̀, n kò mọ̀.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ bí ó ti máa ń lọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣì kórìíra ìṣirò bí àwọn baba wọn ti kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ti da orí mi rú. Mo ti rò ó títí, n kò rí ìdí rẹ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sí ọ.

O rántí kọ̀ǹpútà bàbá wa. Òyìnbó tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ní Ìbàdàn ni ó fi ta á lọ́rẹ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Bàbá tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ya àwòrán títì àti afárá, ìgbà tí ó fẹ̀yìn tì tán ni ó wá di ẹni tó ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà. Eré ọkùnrin kékeré kan ni, tí ó ń gun àkàbà, tí ó ń fo kòtò, tí àdán ń lé kiri nínú ilé ńlá kan. Bí bàbá bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ìyá mi á gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé, kò sì fi ọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: "Fò ó! Fò ó! Àdán ti dé ẹ̀yìn rẹ!" Ó tilẹ̀ sọ ọkùnrin náà lórúkọ, ó ń pè é ní Bàkàrè. Bí Bàkàrè bá jábọ́, ìyá mi á kí i pẹ̀lẹ́.

Bí ó bá wá tó àkókò tí bàbá ń lọ sí ilé rẹ̀ kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín, á kó kọ̀ǹpútà sínú báàgì rẹ̀, á gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá mi gbà pé àwòrán títì ni ó ń lọ fi í yà lọ́hùn-ún.

O wá síbi ìsìnkú bàbá, o jókòó tì mí, n kò ní gbàgbé oore náà láé. Ohun tí o kò sí níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n pín ogún, lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́. Àwọn àáfà sọ tiwọn, ṣùgbọ́n Bàbá Àlàmú, àbúrò bàbá wa tí ó ti di olórí ẹbí, ní bí àwọn ṣe bá a ni àwọn máa ṣe é. Ìdí-igi ni: ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì. Wọ́n pín oko sí méjì, wọ́n pín aṣọ sí méjì. Nígbà tí ó kan kọ̀ǹpútà, Bàbá Àlàmú wò ó dáadáa, ó sì rí àpótí méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Èyí tó wà lókè ní ojú bíi tẹlifísàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rí pẹlẹbẹ, kò lójú, kò lẹ́nu, wáyà kan ni ó so òun àti ti òkè pọ̀. Inú Bàbá Àlàmú dùn. Ó ní ẹ ò rí i pé olóògbé mọ̀ pé ìyàwó méjì ni òun ní! Ó fa wáyà yọ. Ó ní kí èyí tó lójú dúró lọ́dọ̀ ìyálé ní Ọ̀yọ́, kí pẹlẹbẹ máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n sì fi fáànù ńlá kún un, kó má baà dà bíi pé wọ́n rẹ́ ìyàwó jẹ. Gbogbo wa ní ó ṣe é dáadáa. Èmi olùkọ́ ìṣirò náà mi orí pé ìpín náà dọ́gba.

Ìgbà tí mo tan kọ̀ǹpútà nílé ni wàhálà dé. Ó dún, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá gbé àwòrán kékeré kan jáde tí àmì ìbéèrè wà láàárín rẹ̀. Àmì ìbéèrè, Timothy! Ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún bi mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, èmi ni mo máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè. N kò tíì rí ibi tí nǹkan oníná ti ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè, tí kò sì sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́.

Ìyá mi ní mo ti bà á jẹ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Lẹ́yìn náà kò bá mi jà mọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú nǹkan náà, á ní kí n tàn án, á máa wo ìbéèrè yẹn. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Ó ń rù. Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun kò sunkún bàbá tó báyìí nígbà tí wọ́n sin ín, torí òun rò nígbà yẹn pé Bàkàrè ṣì wà nílé. Bàbá lọ kò tíì pẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìyá mi fẹ́ tẹ̀lé e.

Ibi tí mo ti ń wá ojútùú kiri ni iṣẹ́ Marufat ti dé bá mi. O mọ Marufat, àbúrò mi lọ́dọ̀ ìyá kejì, tó ń ta aṣọ ní Tákíè níbẹ̀. Ó ní ìyá òun ní kí òun béèrè ohun tí a yọ nínú nǹkan tiwọn kí a tó gbé e fún wọn. Wọ́n ti so ó mọ́ iná, ó ń kùn, iná pupa kékeré kan tàn lára rẹ̀, ó parí. Kò sọ̀rọ̀, kò kọrin, kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà ti ń rò ó lọ́kàn mi pé àwọn ni wọ́n yọ nǹkan nínú tiwa! Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà dà: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Simon ni ó là wá lójú. Òun àti bàbá ni wọ́n jọ ń ya àwòrán ní Ìbàdàn, ó sì wá kí wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé bí a ṣe pín in, ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kọ̀ǹpútà yẹn kò ní ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí fúnra rẹ̀. Inú àpótí pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní háàdì dísìkì, ni gbogbo eré bàbá wà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń fà á jáde láti inú wáyà. Bí a bá yà wọ́n, ọ̀kan á máa kùn lásán, èkejì á máa béèrè ibi tí ọ̀kan wà. Ó ní ohun tí àmì ìbéèrè yẹn ń sọ kò ju "Níbo lẹ gbé e lọ?"

Ó yé mi, Timothy, yíyé tó yé mi sì ni ìdààmú mi fi pọ̀ sí i. Ta ni ó wá ni eré náà? Ṣé àwa tí ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa ni, àbí àwọn tí inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn? Mo lọ bẹ Bàbá Àlàmú pé kí wọ́n tún un pín. Ó bínú. Ó ní ohun tí àwọn àgbà bá ti pín, a kì í tún un pín, àti pé òun kò rí ogún tó ń kú nítorí pé wọ́n pín in rí. Marufat náà ránṣẹ́ pé ìyá òun kò ní yọ̀ǹda tirẹ̀, kí a gbé tiwa wá bí a bá fẹ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn fún ìyá mi? Láti ọjọ́ tí bàbá ti fẹ́ obìnrin náà, ìyá mi kò fẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ará Ògbómọ̀ṣọ́" ni ó ń pè é, bí ẹni pé èèyàn kan ṣoṣo ni ó ń gbé gbogbo ìlú yín.

Mo sọ ọ́ náà ṣá. Ìyá mi dìde, ó lọ wẹ̀, ó wé gèlè, ó ní, "Gbé e, jẹ́ ká lọ." Mo ní níbo? Ó ní ṣé èmi náà ti di kọ̀ǹpútà tí mo fi ń bi òun ní ìbéèrè ni.

Nínú ọkọ̀, kò gbà kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn. Orí itan rẹ̀ ni ó gbé e lé láti Ọ̀yọ́ títí a fi dé ọ̀dọ̀ yín. Awakọ̀ bi í bóyá tẹlifísàn ni ó ń gbé lọ fún ọmọ. Ó dá a lóhùn pé ilé ọkọ òun ni òun ń lọ.

Ìyá Marufat kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi." Ìyá mi dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Èmi àti Marufat so wáyà. Mo kọ́kọ́ tan pẹlẹbẹ bí Simon ṣe ní kí n ṣe é, ó kùn, mo wá tan kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kò yọ mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, orin eré bàbá bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kékeré náà sì dúró sídìí àkàbà. Àwọn obìnrin méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní, "Bàkàrè!" Ìyá Marufat ní, "Jímọ̀!"

Ìyá mi yíjú sí i. "Ta ni Jímọ̀?"

Ìyá Marufat ní òun ni òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá máa ń gbé e dé. Ó ní ẹ̀gbẹ́ bàbá ni òun máa ń jókòó sí, òun ni òun ń bá a ṣọ́ àdán. Mo rí ojú ìyá mi, ó sì dùn mí. Mo ti ń wo ibi tí báàgì wa wà, kí n lè tètè gbé e bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀.

Ìyá mi tún wo ọkùnrin kékeré náà. Ó wá ní, "Ṣé ọkọ wa máa ń gbọ́ tìrẹ bí o bá ní kó fò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi! Kì í gbọ́ rárá. Á ní kí n jẹ́ kí òun ronú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń sọ fún mi!"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ wọn lójú, èmi àti Marufat kò mọ ibi tí a máa wò. Marufat ní kí òun kúkú máa ṣeré náà. Kò pẹ́ tó fi jábọ́ sínú kòtò, wọ́n sì kí i pẹ̀lẹ́, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Nígbà tí mo ní ká máa lọ, ìyá mi ní kí n máa lọ ná, òun ń bọ̀ lọ́la. Timothy, ọ̀la yẹn kò tíì dé. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé kí n fi ìró òun ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní bútà àlùwàlá òun àti ẹní ìkírun òun. Ẹni tó bá béèrè bútà rẹ̀, ṣé ó ń padà bọ̀ ni? Bàbá Àlàmú bi mí bóyá mo ti fi ìpín ìdí-igi wa tọrẹ, àti bóyá ìyá mi wà lára ohun tí àwọn pín. N kò mọ̀ bóyá eré ni ó dá a dúró síbẹ̀, tàbí obìnrin yẹn, tàbí bàbá mi. Ilé dákẹ́ jù. Èmi ni mò ń dá oúnjẹ sè, iyọ̀ kì í bá ọbẹ̀ mi mu, o sì máa ní bí mo bá ti gbéyàwó nígbà tí o ní kí n gbé e ni, ojú mi kì bá tí rí èyí, n kò jiyàn.

Bá mi kí Deborah, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí gbogbo ẹgbẹ́ wa tó wà níbẹ̀.

Oore kan ni mo fẹ́ tọrọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, jọ̀wọ́, dọ́gbọ́n yà sí ilé Marufat àti ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Bá mi wo ìyá mi. Wò ó bóyá ó ń jẹun, bóyá ẹran ti padà sí i lára. Bí o bá rí i pé ó fajú ro, sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ẹnu ọ̀nà tí o gbọ́ tí ó ń pariwo pé kí ẹnì kan fò, má wulẹ̀ wọlé. Yí padà jẹ́jẹ́, kí o kọ̀wé sí mi pé kí n máa dá oúnjẹ mi sè lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí orí rẹ̀ ti dàrú,
Sàídù.