Ìkíni Tí Ẹ Fi Orúkọ Ilé Wa Ṣe

Igbara-Odò Èkìtì

Bùọ̀dá Lukman,

Mo kí yín ní Kánádà, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́, kòkó wa sì ti gbẹ.

Lánàá ni rédíò ka ìkíni tí ẹ fi ránṣẹ́: “Ìdílé Àmúdà kí aṣòfin wa tuntun kú oríire.” Màmá bi mí pé, “Wòsí, ulé Àmúdà wo nìyẹn?”

Bùọ̀dá, èmi ni aṣojú Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, tó bá aṣòfin yín du ipò náà, níbi tí a ti dìbò. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni ìbò tiwa tí a kà lójú gbogbo ènìyàn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n kéde. Ẹ̀dà ìwé èsì tí mo fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ mi, n ó sì fi jẹ́rìí ní kóòtù ní Ọjọ́bọ̀. Agbẹjọ́rò aṣòfin yín yóò bi mí ìdí tí ilé mi fi kí ẹni tí mo pè ní olè.

Kí ẹ kọ̀wé sí rédíò náà kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, pé orúkọ ara yín nìkan ni ẹ fi kí i. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, èmi yóò sọ ọ́ fún adájọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Wòsílátù Àmúdà