Ibi Tó Lápá Lára Ọsàn

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ǹ bá kúnlẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ti pín gbogbo ilẹ̀ yàrá mi láàárín ara wọn, ẹ bá mi gbà á pé mo kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ojú yín tó ń ṣomi ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kó má bá yín lórí ibùsùn.

Ẹ̀kọ́ mi ń lọ. Nínú kíláàsì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tèmi, nítorí náà mo mọ ìpàkọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ju ojú wọn lọ. Mo mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, mo mọ ẹni tó ń tògbé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ mi. Ẹni tó ń gbé yàrá tó fara ti tèmi, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bùláùsì ọlọ́rùn gíga tí ẹ rán fún mi ni mo ń wọ̀ káàkiri, kò sì sẹ́ni tó tíì rí àpá omi gbígbóná tó wà lọ́rùn mi. Ẹ ṣeun, Màmá.

Ìròyìn tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an ni pé mo ti ríṣẹ́ sí súpámákẹ́ẹ̀tì kan, mo máa ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, níbi tí a ti ń ṣa èso àti ẹ̀fọ́. Èmi àti bàbá àgbàlagbà kan la jọ ń ṣe é. Bàbá Páálí ni gbogbo wọn ń pè é, torí kì í jókòó sórí àga, orí páálí ló ń jókòó sí. Bí mo bá ti wọlé, á ní, “Ọmọ Yunifásítì, ṣé o ti jẹun?” Òun nìkan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí. Wọ́n ṣì ń dán mi wò ni o nígbà náà. Ọ̀gá wa obìnrin ní tó bá dìparí oṣù lòun máa sọ bóyá mo dúró tàbí kí n máa lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí bí mo bá kúrò níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tí màá tún lanu bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó wá ń rú mi lójú nìyí. Tẹ́lẹ̀, kárọ́ọ̀tì tó bá wọ́, kùkúmbà tó bá ká kò, tòmátì tó bá hu imú, inú ìdọ̀tí ló ń lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ṣe inú wọn. Ọ̀gá ní ìfiṣòfò náà ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n kan pẹpẹ kan sí tòsí ẹnu ọ̀nà, kí a máa tò wọ́n síbẹ̀, kí a dín owó wọn kù díẹ̀. Wọ́n gbé pátákó kọ́ sókè rẹ̀: Ó RÍ WỌ́RỌ́KỌ́, Ó DÙN LẸ́NU. Bàbá Páálí wò ó títí, ó ní igi wọ́rọ́kọ́ lòun gbọ́ pé ó ń da iná rú, òun ò tíì gbọ́ pé kárọ́ọ̀tì wọ́rọ́kọ́ da ọbẹ̀ rú.

Mo rò pé àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún ló máa wá rà á. Irọ́ ni. Àwọn tó gbé mọ́tò tó ń dán wá ló ń ṣù bò ó. Wọ́n á gbé kárọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sókè bí ọmọ tuntun, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lẹ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, kọjá lára pẹpẹ náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo ń kó ọjà síbẹ̀ lọ́wọ́, mo rọra sọ fún un pé ọjà ibẹ̀ dínwó. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti jẹ wọ́rọ́kọ́ yó nígbà tí mo wà ní kékeré. Títọ́ ni màá jẹ títí màá fi lọ.” Ó mú èyí tó tọ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n dá nìkan to pẹpẹ náà. Inú mi dùn, mo sì ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ rántí pé bí oníbàárà bá ń bọ̀ wá gbaṣọ, ẹ máa ń ní kí n to ọsàn sínú àwo, kí n yí ibi tó lápá sí ògiri. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ojú rírán kì í gbé ìta aṣọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo kó èyí tó fẹ́ẹ́ tọ́ sókè, mo fi èyí tó wọ́ jù sábẹ́, mo yí àpá ọsàn kọ̀ọ̀kan sí ògiri. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, ó wù mí.

Èèyàn ò rà á. Wọ́n á wo pátákó, wọ́n á wo ọjà, wọ́n á bá tiwọn lọ. Obìnrin kan bi mí pé, “Èwo ló wọ́ níbí?” Kí n tó lanu, ó ti tọwọ́ bọ abẹ́, ó fa kárọ́ọ̀tì kan tó lọ́ mọ́ra jáde. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ fi èyí tó dáa bo èyí tí ò dáa mọ́lẹ̀. Oníjìbìtì ni yín.” Màmá, èmi ni wọ́n pè ní oníjìbìtì o, nítorí pé mo wọṣọ fún ọjà. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, pẹpẹ ṣì kún, ooru sì ti mú gbogbo rẹ̀ rọ̀. Inú ìdọ̀tí tí a tìtorí ẹ̀ kan pẹpẹ náà ni wọ́n padà lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dà wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí. Mo ti ń dágbére fún Bàbá Páálí nínú ọkàn mi. Ọ̀gá bi mí pé ta ló kọ́ mi láti to ọjà báyẹn. Mo ní, “Ìyá mi ni, mà.” Ó ní, “Ìyá ẹ kọ́ ẹ ire. Ṣùgbọ́n àbùkù là ń tà lórí pẹpẹ yẹn. Tó o bá fi pa mọ́, kí ló kù tá a fẹ́ tà?” Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìbáwí.

Kò lé mi. Ó ní mo ti dúró, kí n má dúró de òpin oṣù mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá bá Bàbá Páálí ṣa ọjà. Iwájú ni kí èmi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kí n máa gbé àwọn wọ́rọ́kọ́ náà sókè fún gbogbo ayé, kí n máa sọ pé kò sóhun tó ṣe inú wọn. Bí n kò bá fẹ́, kò sí àyè mìíràn. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti lọ bá bọ́tìnnì ọrùn mi. Rárá ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, “Ó dáa, mà.” Mi ò mọ ìgbà tí mo rán an níṣẹ́. Nígbà tí Bàbá Páálí gbọ́, ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, òun á máa yọjú wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lónìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ àpá síta. Bí ọwọ́ ọ̀tún mi bá yí ọsàn síta, òsì á fẹ́ dá a padà. Ooru ẹnu ọ̀nà pọ̀, ọrùn bùláùsì sì ń fún mi. Síbẹ̀, mo sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́, pẹpẹ náà ṣófo porogodo. Ẹ mọ ohun tí a wá dà nù lónìí? Kùkúmbà tó tọ́ gbọnrangandan ni. Àlejò lójú, kò fi ríran, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin náà bá wà níbí, ṣé ẹ̀yin á mọ ìhà tí ẹ ó kọ síta?

Ojú yín á mọ́lẹ̀ kedere, Màmá. Abẹ́rẹ́ ò ní gún yín, òwú yín ò ní já láàárín iṣẹ́. Ẹ ó pẹ́ láyé, ẹ ó sì jókòó jẹ èrè gbogbo ohun tí ẹ rán.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, àkọ́bí yín.

Àfikún: Aṣọ tuntun tí ẹ ní ẹ fẹ́ rán fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé ọrùn rẹ̀. Ẹ rán apá, ẹ rán ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ọrùn sílẹ̀ ná. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ.